Nọ́ńbà Tí Wọ́n Ní Kò Sí Ẹ̀ta Nínú Rẹ̀

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí nígbà tí nọ́ńbà kan wọ agbo ilé àwọn àna mi ní Ayétòrò, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ipò lọ́wọ́ ẹni tó tọ́ sí. Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Ìṣirò ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ, èmi àti ìyàwó mi sì ti kó wá sí ìlú rẹ̀, kó lè wà nítòsí ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà. Ipò àna ni mo wà nínú agbo ilé náà. Etí ẹní ni mo máa ń jókòó sí. Ọmọ tí mo lè bí pàápàá, bó bá jẹ́ ọmọ ilé, mo máa ń dọ̀bálẹ̀ kí i. N kò ka èyí sí ìyà. Bí a ṣe tọ́ wa nìyẹn.

Kí ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí tó lè yé ẹni tó ń kà á, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ bí agbo ilé náà ṣe rí. Ìyàwó mẹ́fà ni baba tó tẹ ibẹ̀ dó fẹ́. Gbogbo ọmọ tó wá láti ọ̀dọ̀ ìyàwó kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní ilé kan: Ilé Kìn-ín-ní, Ilé Kejì, títí dé Ilé Kẹfà. Bí obìnrin kan bá ń bọ̀ láti odò, wọ́n á ní, “Ilé Kẹrin ló ń bọ̀ yẹn.” Nọ́ńbà ti di orúkọ ènìyàn lọ́dọ̀ wọn. Ó ti mọ́ wọn lára débi pé wọn kò mọ̀ pé ó lè kó wọn sí wàhálà.

Ipò olórí ẹbí máa ń yí láti ilé dé ilé. Olórí yìí ló ń mú okùn tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ oko ẹbí nígbà tí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀. Ilé tó bá sì fi okùn náà wọn ilẹ̀ fún nìkan ló ń rí oko dá. Ilé Kejì ló mú un gbẹ̀yìn. Bàbá náà kú ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì kan Ilé Kẹta.

Àgbà Ilé Kẹta jẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Ó jù mí lọ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é, òun náà sì ń pè mí ní Tísà. Àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ni. Òdìkejì ààlà, lápá Kétu, ni ìyá ńlá wọn ti wá, ọ̀rẹ́ mi pàápàá sì lọ sílé ìwé lọ́hùn-ún nígbà èwe, tí ó fi jẹ́ pé èdè Faransé ló fi ń ka ebè títí di òní. Àwọn ènìyàn a máa fi èyí ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Nígbà kan tí ipò kàn wọ́n ṣáájú, wọ́n ní àgbà wọn wà lódìkejì ààlà, wọ́n sì fò wọ́n. Bí wọ́n bá tún fò wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo wa mọ ohun tí yóò dà: fífò náà yóò di àṣà, Ilé Kẹta yóò sì máa tọrọ ilẹ̀ bí àlejò nínú oko baba wọn.

Báyìí ni nǹkan ṣe wà nígbà tí ọmọ Ilé Kìn-ín-ní kan dé láti Ìlaròó. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lọ́hùn-ún, gbogbo ilé sì ń pè é ní Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà. Ọmọlúàbí ni lójú, aṣọ rẹ̀ kì í dọ̀tí, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ó dìde nínú ìpàdé ẹbí, ó gbé fóònù rẹ̀ sókè.

“Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin màmá,” ó ní, “wọ́n fi nọ́ńbà kan hàn mí lójú oorun. Nọ́ńbà ẹbí wa ni. Àwọn baba ńlá ló fi rán mi.”

Nọ́ńbà náà ni 142857. Ó mú un tọ obìnrin Ilé Kẹrin kan lọ, ìbátan ìyàwó mi ni, ó sì ní kó fi ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù náà sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, nítorí pé Ilé Kẹrin ni òun. Ìyẹn tẹ̀ ẹ́. Ohun tó jáde ni 571428.

“Ẹ wò ó dáadáa, àǹtí. Ṣé àlejò kan wà nínú wọn?”

“Háà! Àwọn kan náà ni! Wọ́n kàn pààrọ̀ ìjókòó ni!”

Ó dé ọ̀dọ̀ Ilé Kejì, ìlọ́po méjì fún wọn ní 285714. Ilé Karùn-ún rí 714285. Àwọn ẹyọ nọ́ńbà mẹ́fà náà kò yàtọ̀, ọ̀kan kò sì ré ọ̀kan kọjá. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń yí padà, bí àwọn ọmọ tó di ara wọn lọ́wọ́ mú tí wọ́n ń ṣeré yípo. Ariwo ta. Ẹnì kan ní, “Ẹbí yìí mà ní àmì o!” Èmi náà, n kò purọ́, inú mi dùn sí nọ́ńbà náà. Ó rẹwà.

“Bí ipò ṣe ń yí ká láàárín wa ló ń yí ká yẹn,” Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà wí. Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá ẹ̀ta nínú rẹ̀. Ẹ bá mi wá ẹ̀fà. Ilé tí kò bá sí níbẹ̀, àlejò ni.”

Wọ́n wá a, wọn kò rí i. Ilé Kẹfà kò ní ẹnikẹ́ni níkàlẹ̀ tó lè fèsì. Èkó ni gbogbo wọn ń gbé. Ojú gbogbo ènìyàn wá yí sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi.

“Sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta,” ọ̀rẹ́ mi wí. “Ṣé kò ní yí ni?”

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́. 428571. Ó yí.

“Ó yí, bàbá. Àlejò náà lè jó nínú agbo, ìyẹn ò sọ ọ́ di onílé.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Sẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ìlọ́po méje ńkọ́?” Nígbà tí inú bá ń bí i, Faransé máa ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Ilé keje wo ló wà níbí, ará Kútọnu?” Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà rẹ́rìn-ín, ó sì ti fóònù náà bọ àpò.

Ibẹ̀ ni mo ti fura. Ìfura lòògùn àgbà. Ó ti ń fún gbogbo ènìyàn ní fóònù yẹn tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èwo ni ti àpò nígbà tí wọ́n dárúkọ méje? Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, ọmọ tó bá fi ọwọ́ bo ìsàlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń lọ bá. N kò sọ̀rọ̀, nítorí àna ni mí, ẹnikẹ́ni kò sì bi mí. Wọ́n sún ìpinnu sí ìpàdé tó ń bọ̀.

Nígbà tí mo délé, mo mú bébà àti bírò. Ìyàwó mi gbé oúnjẹ síwájú mi títí ó fi tutù.

“Bàbá àwọn ọmọ, ṣé nọ́ńbà lẹ fẹ́ jẹ ni?”

“Ẹ jẹ́ n rí ìdí rẹ̀ ná.”

Mo sọ ọ́ di ìlọ́po méje. Ohun tó jáde ni 999999. Mẹ́sàn-án mẹ́fà tò lẹ́sẹẹsẹ, eré yípo sì dópin. Ìgbà náà ni mo rántí ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ pín in sí ọ̀nà méje, kí ẹ sì máa kọ èsì rẹ̀ lọ lẹ́yìn àmì ẹ̀sún tí wọ́n ń pè ní pọ́íǹtì: ọ̀kan, mẹ́rin, méjì, mẹ́jọ, márùn-ún, méje, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan, kò sì ní tán títí láé. Ọmọ kíláàsì karùn-ún tí kò kánjú lè rí i. Ta ló wá ń fi lá àlá?

Èyí mú kí n túbọ̀ fura. Bó bá mọ ibi tó ti wá, irọ́ ló pa. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ló dé tó fi sá fún méje? Mo wá ń wo ìdí rẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ mọ nọ́ńbà gbọ́dọ̀ mọ àwọn tó bí i. Mo wá àwọn nọ́ńbà tó lè pín in láìṣẹ́kù. Méjì kò lè pín in, mẹ́rin kò lè pín in, bẹ́ẹ̀ ni márùn-ún àti mẹ́jọ. Méje pín in, ó ṣẹ́ ku ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀ta pín in, ó tún pín èsì rẹ̀, ó tún pín èyí tó kù lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ló kan mọ́kànlá, mẹ́tàlá, àti mẹ́tàdínlógójì. Àwọn tó hàn lójú rẹ̀, yàtọ̀ sí ọ̀kan tó ń pín gbogbo nọ́ńbà, kò sí èyí tó gbé e ró nínú wọn. Ẹ̀ta tí wọ́n ní kò sí níbẹ̀ wà ní ìpìlẹ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta.

Mo fi han ọ̀rẹ́ mi nígbà tó yà kí wa ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ó fò sókè.

“Tísà! Ó parí! Ẹ dìde nínú ìpàdé, kí ẹ sọ pé ẹ̀ta ni ìpìlẹ̀ nọ́ńbà ẹbí!”

“Ẹ̀gbọ́n, n kò lè sọ bẹ́ẹ̀.”

“Nítorí kí ni? Ṣé irọ́ ni?”

“Òótọ́ ni nípa nọ́ńbà. Kì í ṣe òótọ́ nípa yín. Bí mo bá fi nọ́ńbà gbè yín, mo ti gbà pé nọ́ńbà lè dá ẹjọ́ ilé. Lọ́la Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà tún lè mú òmíràn wá tí ẹ̀ta kò ní sí ní ìpìlẹ̀ rẹ̀.”

Ó ti bébà náà padà sọ́dọ̀ mi. “Àbí torí pé ẹ jẹ́ àna ni ẹ ṣe ń bẹ̀rù wọn? Àbí ẹ̀yin náà gbà pé àlejò ni wá?”

Ó lọ láìmu omi. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí ó ti wá ń fura sí èmi náà. Ìyàwó mi kò dá mi lẹ́bi, kò sì gbè mí. Ó kàn ní, “Ẹ ti sọ ohun tí ẹ kò ní sọ fún un. Ẹ wá ohun tí ẹ máa sọ.”

Ọjọ́ ìpàdé pé. Àgbàlá kún. Ìyá àgbà, ọmọ Ilé Kẹrin tó tọ́ ìyàwó mi, wà lórí àga rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Òun ni àgbà jù lọ nínú ẹbí. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí etí rẹ̀ kì í gbọ́. Ẹ̀bá ẹsẹ̀ rẹ̀ ni okùn ìwọnlẹ̀ wà, tí wọ́n ká bí òṣùká.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ àyè láti béèrè ọ̀rọ̀ kan.

“Àna wa fẹ́ sọ̀rọ̀,” ẹnì kan wí. Òmíràn dáhùn láti ẹ̀yìn pé, “Ọ̀rẹ́ Ilé Kẹta ni. Ṣé wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ ni?” Ẹ̀rín díẹ̀ sọ.

“Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí,” mo ní. “Ìbéèrè ni mo ní. Ẹ jọ̀wọ́, Ọ̀gá, ẹ bá wa sọ ọ́ di ìlọ́po méje.”

“Bàbá, mo ti sọ pé kò sí ilé keje níbí.”

“Ẹ ṣeun. Òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n mo rí méje nínú nọ́ńbà yín, mo sì rí mẹ́jọ. Bí ilé tí kò sí nínú rẹ̀ kì í bá ṣe ọmọ ẹbí, àwọn wo ni Ilé Keje àti Ilé Kẹjọ tó wà nínú rẹ̀? Ibo ni wọ́n ń gbé?”

Obìnrin Ilé Kẹrin tó kọ́kọ́ tẹ fóònù yẹn bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ wá wọn wá o, kí wọ́n wá dá owó ìpàdé!” Ó gba fóònù náà lọ́wọ́ Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà kó tó mọ̀ ọ́n, ó sì tẹ ìlọ́po méje. “Mẹ́sàn-án… mẹ́sàn-án… ẹ gbà mí, mẹ́sàn-án nìkan ni! Gbogbo wa ti kúrò níbẹ̀! Ilé Kìn-ín-ní pàápàá kò sí níbẹ̀ mọ́!”

Mo ṣàlàyé ọ̀kan tí a pín sí ọ̀nà méje fún wọn. Mo rí i pé ó yé àwọn kan, àwọn kan sì ń wò mí bí ẹni tó mú ohun dídùn kúrò lẹ́nu wọn. Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà kò tíì gbà. Ó ní, “Ẹ kò lè fi ìṣirò ilé ìwé tú àlá ká. Àwọn baba ńlá ló bá mi sọ ọ́.”

Ìyá àgbà gbé ọwọ́ sókè. “Mi ò rí fóònù yín. Ẹ pe nọ́ńbà náà kí n gbọ́ ọ.”

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà pè é: “Wan, fọ̀, tú, ẹ́ètì, fáìfù, sẹ́fìn.”

“Èmi ò gbọ́ ìyẹn. Ṣé bí àwọn baba mi ṣe pè é fún ọ nìyẹn? Àna wa, ẹ bá mi pè é.”

Mo ronú díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ka irú iye bẹ́ẹ̀ bí àwọn àgbà ṣe ń kà á. “Màmá, ọ̀kẹ́ méje ni, ó lé ẹgbẹ̀rìnlá, ó tún wá lé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.”

Ó ń fi orí kà á. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ owó ẹyọ fún mọ̀ pé àpò ńlá tó gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún owó ẹyọ ni ọ̀kẹ́, ọ̀kẹ́ méje á sì ju ẹrù géńdé kan lọ. “Ọ̀kẹ́ méje,” ó ní. “Ẹgbẹ̀rìnlá. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Mo gbọ́ ọ wàyí. Ibo ni ọ̀kan wà nínú rẹ̀? Ibo ni mẹ́rin wà? Kí ló ń yí ká?”

Ọ̀dọ́kùnrin Ilé Kẹta kan pariwo: “Ẹ̀ta wà níbẹ̀, màmá! Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta!”

“Ẹ̀ta tí wọ́n yọ kúrò lára ọgọ́ta nìyẹn. Jókòó, má fi ẹnu ara rẹ ba ti ara rẹ jẹ́.” Gbogbo àgbàlá rẹ́rìn-ín, Ilé Kẹta pẹ̀lú. Ó wá yí sí Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà, ohùn rẹ̀ kò le. “Ọmọ mi, ọ̀kẹ́ ni àwọn baba rẹ fi ń kà. Wọn kò mọ nọ́ńbà tó ń jó lójú fóònù. Bí wọ́n bá rán ọ níṣẹ́, ohùn wọn ni wọ́n á fi rán ọ.”

Ìyá àgbà wá yí sí gbogbo ẹbí.

“Ilé Kìn-ín-ní ti mú okùn?” ó béèrè.

“Bẹ́ẹ̀ ni, màmá.”

“Ilé Kejì ńkọ́?”

“Wọ́n ti mú un.”

“Ṣé fóònù ló máa sọ fún wa pé ẹ̀ta ló tẹ̀lé èjì?” Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé okùn náà. “Ẹ̀ẹ̀kan la fò wọ́n. Mo wà níbẹ̀, mo dákẹ́. Mi ò ní dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ará Kétu, wá gba okùn baba rẹ.”

Ọ̀rẹ́ mi kúnlẹ̀ gbà á. Nígbà tó ń kọjá lọ́dọ̀ mi, ó fi ọwọ́ tẹ èjìká mi. Nígbà tí òjò kọ́kọ́ rọ̀, mo bá wọn lọ sí oko. Ó ń ta okùn, ó ń fi Faransé kà á sókè, kò sì sẹ́ni tó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ilẹ̀ Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà pé bí ti gbogbo ènìyàn.

Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ó lá àlá náà lóòótọ́. Ó wá bá mi nílé lẹ́yìn ìgbà náà, ó ní òun kàn fẹ́ mọ ohun tó ń mú nọ́ńbà náà yí. Mo wo ojú rẹ̀, mo ṣì fura díẹ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ kì í lé ẹni tó wá béèrè ìdí ọ̀rọ̀. Mo fún un ní bírò, mo ní kó pín ọ̀kan sí ọ̀nà méje, kó má wo èsì rẹ̀, kó wo ohun tó ń ṣẹ́ kù.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi òdo kún un, ó pín in, ó ṣẹ́ ku mẹ́ta. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún mẹ́ta, ó ṣẹ́ ku méjì. Lẹ́yìn náà mẹ́fà. Lẹ́yìn náà mẹ́rin. Lẹ́yìn náà márùn-ún. Ó wá padà sí ọ̀kan. Ibi tó ti padà sí ọ̀kan ni nọ́ńbà náà ti ń tún ara rẹ̀ sọ.

Ó ń fi ìka tọ́ka sí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. “Bàbá, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló wà níbẹ̀. Ẹ̀ta pẹ̀lú. Ẹ̀fà pẹ̀lú.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ èyí níjọ́sí?”

“Nítorí pé ènìyàn ni yín, ẹ kì í ṣe àṣẹ́kù. Ẹwà nọ́ńbà náà dùn mọ́ mi nínú, ó sì tó bẹ́ẹ̀.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ọmọ yín ni mo ń bẹ̀ yín fún, pẹ̀lú ẹ̀yin fúnra yín. Bí ẹnì kan bá gbé nọ́ńbà ńlá kan wá sí ilé yín, tí ó ní ó ń sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe lé e, ẹ má sì tètè pàtẹ́wọ́. Ẹ béèrè ìlọ́po tí kò fẹ́ kí ẹ tẹ̀. Ẹ ní kó pè é lédè tí ìyá àgbà ilé yín gbọ́. Ẹ wá mú bébà, ẹ pín in, kí ẹ sì máa ṣọ́ ohun tó ń ṣẹ́ kù.